Ìgbà wo ni ó yẹ kí a gba ìgò lẹ́nu ọmọ màlúù tí kò ní ìyá?

Àgbẹ̀túntún

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn tí ẹ wà níbí. Ọmọ màlúù méjì ni mo ń fi ìgò tọ́. Ìyá ti àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ abo, kú lẹ́yìn tí ó bí i. Èkejì, tí ó jẹ́ akọ, jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì, ìyá rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Kí ó tó dé ìdí ọmú ni ìyá náà yóò ti fi ẹsẹ̀ ta á dànù. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 5 báyìí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mu wàrà àkọ́fún ní ọjọ́ tí a bí wọn, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń po wàrà oníyẹ̀fun fún wọn, lítà 2 ní òwúrọ̀, lítà 2 ní ìrọ̀lẹ́.

Abo ń dàgbà dáadáa, ó sì ti ń jẹ oúnjẹ oníhóró. Akọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Ó ń mu wàrà rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n egungun ìhà rẹ̀ ń yọ, irun rẹ̀ kò dán, bí ó bá sì ti rí mi ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó kàn máa ń gbóòórùn oúnjẹ oníhóró ni, kì í jẹ ẹ́. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá ti pé ọ̀sẹ̀ 6, kí n dá wàrà dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ebi ni yóò kọ́ wọn ní oúnjẹ jíjẹ. Ẹlòmíràn ní kí n máa bomi là á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di omi lásán. Èwo ni kí n tẹ̀ lé nínú méjèèjì, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìyá Ẹlẹ́ran

Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọjọ́ orí kọ́ ni a fi ń gba wàrà lẹ́nu ọmọ màlúù, ohun tí ó ń jẹ ni. Àpò mẹ́rin ni ó wà nínú ikùn ọmọ náà bíi ti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bí i, àpò kẹrin nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ gidi. Ṣàkì, tí yóò di èyí tí ó tóbi jù lọ nígbà tí ó bá dàgbà, ṣì kéré, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀lọ̀. Kò tíì ní àwọn ìka wẹ́wẹ́ tí ó máa ń mú kí ṣàkì màlúù àgbà rí bí aṣọ ìnura. Ara àwọn ìka wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni oúnjẹ ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì ní wọn lè jẹ koríko títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ síta, síbẹ̀ kí ara rẹ̀ má rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Oúnjẹ oníhóró àti omi ni wọ́n ń jí ṣàkì sí iṣẹ́. Bí hóró lílọ̀ bá dé inú rẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí yóò mú kí ó kan, èròjà kíkan tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ni ó ń mú kí àwọn ìka wọ̀nyẹn hù. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 3 láti ìgbà tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ hóró ní ti gidi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá wàrà dúró ní ọ̀sẹ̀ 6 fún ọmọ tí kò tíì jẹ hóró rárá ti fi ebi ọ̀sẹ̀ 3 sílẹ̀ dè é.

Ìwọ̀n tí èmi ń lò ni pé kí ọmọ jẹ tó kílò 1 sí kílò 1 ààbọ̀ oúnjẹ oníhóró lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 tí ó tẹ̀ léra, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ sì ti tó ìlọ́po méjì ti ọjọ́ tí a bí i. Òmíràn a dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 7, òmíràn sì di ọ̀sẹ̀ 10. Kò sí ohun tí ó kan kàlẹ́ńdà nínú rẹ̀.

Darandaran Àgbà

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ran, ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ náà nira fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ màlúù ni mo ti gba wàrà lẹ́nu wọn ní ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n sì dàgbà. Wàrà oníyẹ̀fun kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, ìgò fífọ̀ ń gba àkókò, ọmọ tí a bá sì ń fi wàrà kẹ́ ní àkẹ́jù kì í bojú wo oúnjẹ gbígbẹ. Ní ti bíbomi là á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ṣe ń ṣe é, n kò sì rí aburú tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ kì í ké púpọ̀, nítorí pé ikùn rẹ̀ kún.

Dókítà Ẹran

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín ní ọ̀nà méjì. A lè gba wàrà lẹ́nu ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6 bí ó bá ti ń jẹ hóró tó ìwọ̀n tí Ìyá Ẹlẹ́ran sọ, òtítọ́ sì ni pé ọmọ tí ó ń mu wàrà púpọ̀ kì í tètè yíjú sí hóró. Ibi tí mo ti yapa sí yín ni ti omi.

Nígbà tí ọmọ màlúù bá ń fa ọmú, ihò tóóró kan máa ń padé nínú ikùn rẹ̀, yóò sì gbé wàrà kọjá lára ṣàkì lọ tààrà sí àpò kẹrin. Níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wàrà yóò dì, bí ó ṣe máa ń dì nígbà tí a bá ń ṣe wàràkàṣì, yóò sì máa yòrò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ara yóò fi máa rí oúnjẹ gbà títí di ìgbà tí a óò tún fún un. Wàrà tí a bomi là kì í dì dáadáa. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí ó bá ti orí rọ́bà wọlé ń gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú wàrà, kì í dé ṣàkì tí ó nílò rẹ̀. Nítorí náà ni ọmọ kò fi ké: ikùn rẹ̀ kún, kò sì sí ebi tí yóò lé e lọ wá hóró, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí a bá fẹ́ dín wàrà kù, iye lítà ni a ń dín. A kì í dín agbára rẹ̀ kù.

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa akọ yẹn, jọ̀wọ́, Àgbẹ̀túntún, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Gíráàmù ìyẹ̀fun mélòó ni ẹ ń fi sínú lítà kan? Ṣé wọ́n ń rí omi mu nígbà gbogbo? Koríko ńkọ́? Ṣé ibi kan náà ni wọ́n ti ń jẹun? Mélòó sì ni ìwọ̀n ara wọn?

Àgbẹ̀túntún

Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà. Mo gbé ìyẹ̀fun náà lé òṣùwọ̀n kí n tó dáhùn: 100 gíráàmù ni ó ń bọ́ sínú lítà kọ̀ọ̀kan. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń po ó, ọwọ́ ni mo sì fi ń mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀. Omi mímu ń dé iwájú wọn lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní ọ̀sán. Koríko gbígbẹ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, akọ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n wà, ọpọ́n oúnjẹ kan ni wọ́n sì jọ ń lò. Bí mo bá da hóró sí i, abo yóò fi èjìká ti akọ sẹ́yìn.

Nípa ìwọ̀n ara, okùn ìwọ̀n tí a ń so yí àyà ni mo lò. Abo jẹ́ kílò 38 nígbà tí a bí i, ó ti di kílò 54. Akọ jẹ́ kílò 33, kílò 43 ni ó wà báyìí.

Dókítà Ẹran

Ọ̀rọ̀ akọ ti hàn kedere báyìí. Èròjà gbígbẹ tí ó wà nínú wàrà tí màlúù fúnra rẹ̀ ń mú wá tó nǹkan bí 125 gíráàmù nínú lítà kan, ó sì ní ọ̀rá ju ọ̀pọ̀ wàrà oníyẹ̀fun lọ. Ohun tí ọmọ yín ń mu fúyẹ́ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Lítà 4 tí ẹ ń fún un jẹ́ 400 gíráàmù ìyẹ̀fun lóòjọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò sì bá mímú ara gbóná àti dídúró lórí ẹsẹ̀ lọ, pàápàá bí òtútù bá mú tàbí bí ilẹ̀ tí ó ń sùn lé bá tutù. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù ni ó fi ń dàgbà. Abo ń rí àfikún nínú hóró, akọ kò rí i. Igbe tí ó ń ké kì í ṣe ìwà burúkú, ebi ni.

Fún akọ, ẹ gbé e sí 125 gíráàmù nínú lítà kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí 150. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun náà dáadáa, nítorí pé àwọn kan ní kí a da ìyẹ̀fun sínú lítà omi kan, àwọn mìíràn sì ní kí omi àti ìyẹ̀fun jọ pé lítà kan. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ẹ má ṣe sọ pé kí ẹ kúkú po ó ki gan-an kí ó lè tètè sanra. Wàrà tí ó bá ki jù máa ń fa omi ara sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò sì mú wá. Lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ bá ti dọ́gba, ẹ gbé iye rẹ̀ láti lítà 4 sí 5, lẹ́yìn náà sí 6, kí ẹ sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara ni àwọn ará àtijọ́ ń fún ọmọ màlúù; èyí kàn lè gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró ni. Ìdá 15 sí 20 ni ọmọ tí a bá fẹ́ kí ó dàgbà dáadáa ń fẹ́.

Ẹ ra ohun ìwọn ooru. Ìwọ̀n 38 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wàrà yẹ kí ó wà nígbà tí ó bá dé ẹnu ọmọ, nítorí pé ara màlúù gbóná ju ti ènìyàn lọ. Wàrà tí ọwọ́ yín bá sọ pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lè tutù lójú rẹ̀. Wàrà tí ó bá tutù lónìí, tí ó gbóná lọ́la, tí ó dé ní agogo méje lónìí, tí ó dé ní agogo mẹ́wàá lọ́la, ni ó ń jẹ́ kí ikùn máa wú.

Ní ti koríko, ẹ dín in kù sí ẹ̀kúnwọ́ kan lóòjọ́ fún akọ títí yóò fi máa jẹ hóró. Koríko gígùn ń gba àyè nínú ṣàkì, kò sì ń mú kí àwọn ìka wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn hù bí hóró ṣe ń ṣe. Ikùn yíyọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè ní sísanra, koríko lásán ni. Omi ni ó kàn: kí ó wà níwájú wọn ní gbogbo ìgbà, kí ó sì mọ́. Ọmọ tí kò bá rí omi mu kò lè jẹ hóró púpọ̀, bí ó ti wù kí hóró náà dára tó.

Ìyá Ẹlẹ́ran

Mo fẹ́ fi bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní hóró jíjẹ kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ìṣẹ́jú tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tu orí rọ́bà lẹ́nu ni kí ẹ dúró dè. Ní àkókò yẹn, ahọ́n rẹ̀ ṣì ń yọ síta, ẹnu rẹ̀ ń hó, ó sì ń wá ohun tí yóò tún fà. Ẹ ti di hóró díẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ jẹ́ kí ó fa ìka yín, kí ẹ sì jẹ́ kí hóró náà yọ́ wọ ẹnu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka. Yóò tutọ́ jáde, yóò fi ahọ́n lá imú rẹ̀, yóò sì tún gbé díẹ̀ mì láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra fi ọwọ́ kan náà mú imú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ọpọ́n. Bí ẹ bá ń ṣe èyí lẹ́yìn ìgò kọ̀ọ̀kan, yóò máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí ẹ máa dà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó kù nù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tàbí kí ẹ gbé e fún màlúù àgbà. Ọmọ màlúù kì í jẹ ohun tí itọ́ ti bà jẹ́ tàbí tí ó ti ń bu. Kí oúnjẹ náà jẹ́ hóró fífọ́ tàbí èyí tí a ṣù wẹ́wẹ́. Èyí tí ó bá kúná bí eruku máa ń lẹ̀ mọ́ wọn nímú, wọ́n á sì máa wú ikọ́. Purotéènì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 18 nínú 100. Ẹ gbé garawa omi jìnnà díẹ̀ sí ọpọ́n hóró, nítorí pé bí wọ́n bá wà pa pọ̀, ọmọ yóò máa fi ẹnu tútù wọ inú hóró, yóò sì máa da hóró sínú omi, méjèèjì á sì bàjẹ́.

Ẹ sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ní àkókò oúnjẹ. Bí ọpọ́n bá jẹ́ ẹyọ kan, èyí tí ó lágbára ni yóò máa jẹ ẹ́, ẹ kò sì ní mọ iye tí èkejì ń jẹ.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́sìn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tèmi kún un. Garawa ni èmi ń lò dípò ìgò. Àwọn ọmọ màlúù mi máa ń fa etí ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá mu wàrà tán, ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń fa ìdodo èkejì títí yóò fi pọ́n. Ṣé garawa ni ó fà á? Ẹnì kan sì tún sọ pé bí wọ́n bá ń pẹ́ jù nídìí ìgò, kí a fi ọ̀bẹ la ihò rọ́bà kí ó fẹ̀ sí i.

Dókítà Ẹran

Ẹ má ṣe la ihò rọ́bà. Bí wàrà bá ń tú ju bí ọmọ ṣe lè gbé e mì lọ, yóò gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ó sì ń tẹ̀ lé èyí máa ń pa ọmọ. Bí ẹ bá dojú ìgò kọ ilẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí wàrà máa kán ni, kò gbọdọ̀ máa ṣàn. Pípẹ́ tí wọ́n ń pẹ́ nídìí rẹ̀ ń ṣe wọ́n ní àǹfààní, nítorí pé fífà ni ó ń mú itọ́ wá, itọ́ sì wà lára ohun tí ń da oúnjẹ. Kí ìgò wà ní ìwọ̀n gíga ibi tí ọmú ìyá ìbá wà, kí ọmọ na ọrùn díẹ̀, kí imú rẹ̀ má ṣe kọjú sí òkè bíi ti ẹni tí ń wo ojú ọ̀run.

Ní ti fífa etí, ìfẹ́ láti fa nǹkan kì í tán ní ìṣẹ́jú tí wàrà bá tán. Ọmọ tí ó ń fa ọmú ìyá rẹ̀ lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí rẹ̀. Èyí tí ó ń mu nínú garawa á gbé e mì tán kí ẹ tó yíjú padà. Ẹ wá garawa tí a kan orí rọ́bà mọ́ lára, tàbí kí ẹ so orí rọ́bà gbígbẹ kan mọ́ ọgbà kí wọ́n máa fà á lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì da hóró síwájú wọn lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó ń fa ìdodo ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ìdodo tí kò tíì gbẹ jẹ́ ẹnu ọ̀nà àrùn, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rì í sínú áyódínì ní kété tí a bá bí ọmọ.

Kí a tó kúrò lórí ìgò, ọ̀nà tí a gbà ń fọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan án. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, wàrà yóò jinná mọ́ ara ìgò, yóò sì di awọ tí kòkòrò ń gbé inú rẹ̀. Lẹ́yìn ṣíṣan ni omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kàn, kí ẹ sì tú rọ́bà kúrò, kí ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ wá da ojú ìgò délẹ̀ kí ó gbẹ pátápátá.

Darandaran Àgbà

Mo gbà lórí ti omi bíbù là, àlàyé náà wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọmọ màlúù méjì lè máa wọn hóró lójoojúmọ́. Kí ni ẹni tí ó ní ogún yóò ṣe? N kò ní máa gbé òṣùwọ̀n tẹ̀ lé wọn kiri.

Ìyá Ẹlẹ́ran

Bàbá, ẹ kò nílò òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ẹ wọn hóró kílò 1 lẹ́ẹ̀kan sínú abọ́ kan, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí ó dé, abọ́ náà ni yóò sì máa bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ kó àwọn tí ara wọn dọ́gba sínú ọgbà kan, bí àpẹẹrẹ márùn-ún márùn-ún, kí àyè ìdúró ní ìdí ọpọ́n tó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí márùn-ún bá ń jẹ abọ́ méje tán lóòjọ́, ó ti tó ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ojú wá èyí tí ó dá dúró sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun. Òun ni kí ẹ fi sílẹ̀ nídìí wàrà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ tún wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán: èyí tí ó bá ń jẹ àpọ̀jẹ, ṣàkì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Àgbẹ̀túntún

Ìmọ̀ràn yín ti ń so èso. Mo ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, mo gbé wàrà akọ sí 150 gíráàmù, omi sì wà níwájú wọn ní gbogbo ìgbà. Egungun ìhà rẹ̀ ti ń bò, ó sì ń jẹ hóró láti ọwọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó ìdajì kílò. Abo ti ń jẹ ju kílò 1 lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ní àná, ìgbẹ́ akọ rọ̀, ó sì ń ṣàn díẹ̀. Ẹni tí ó wá wò ó ní kí n dá wàrà rẹ̀ dúró fún ọjọ́ méjì kí ikùn rẹ̀ lè sinmi. Báwo sì ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba wàrà lẹ́nu abo?

Dókítà Ẹran

Ẹ má dá wàrà dúró. Ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ń pàdánù omi, iyọ̀ àti agbára lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá tún gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi bá àrùn jà? Ẹ máa fún un ní wàrà bí ẹ ti ń ṣe, kí ẹ sì fi lítà 2 omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ṣe fún ọmọ màlúù há àárín àkókò wàrà kan sí èkejì, wákàtí bíi mélòó kan sí ara wọn. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ wàrà, nítorí pé òmíràn nínú wọn kì í jẹ́ kí wàrà dì.

Ẹ fún awọ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí awọ náà bá padà sípò lójú ẹsẹ̀, omi ara rẹ̀ kò tíì lọ púpọ̀. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, tí ojú rẹ̀ sì ti wọnú, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe oníṣègùn ẹran tí ó súnmọ́ yín ní ọjọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ó bá kọ ìgò, bí kò bá lè dìde, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tàbí bí etí rẹ̀ bá tutù.

Ní ti abo, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dín ìgò ìrọ̀lẹ́ kù sí lítà 1, kí ẹ sì fi ti òwúrọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ti ìrọ̀lẹ́ kúrò pátápátá. Iye hóró tí ó ń jẹ yẹ kí ó gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá gòkè, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan ti òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá ti ń jẹ kílò 1 ààbọ̀ láìyẹsẹ̀, ẹ dín ti òwúrọ̀ kù sí lítà 1, kí ẹ sì wá dá a dúró. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ké ní ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ó ké, níwọ̀n ìgbà tí ọpọ́n hóró rẹ̀ bá ń ṣófo.

Láàárín àkókò yẹn, ẹ má yọ ìwo rẹ̀, ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má gbé e lọ sí ọgbà mìíràn, ẹ má sì pààrọ̀ hóró tí ó mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ń já ẹran láyà, bí wọ́n bá sì pàdé ara wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ikọ́ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n máa ń mú wá. Hóró kan náà ni kí ó máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ìgò bá ti kúrò, nígbà náà ni ẹ lè máa fi koríko kún un.

Àgbẹ̀túntún

Ìgbẹ́ akọ ti le padà, ẹ ṣeun. Ó ti ń fi orí kàn mí nítan báyìí bí mo bá gbé ìgò dé, ó sì máa ń tì mí títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ilé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n a sì máa bá a ta kàǹgbọ̀n. Ṣé kò burú?

Darandaran Àgbà

Ó burú o, ibí yìí sì ni mo ti lè sọ̀rọ̀ bí àgbà. Akọ tí a fi ìgò tọ́ kò bẹ̀rù ènìyàn. Ní ojú tirẹ̀, ara agbo ni ẹ wà, bí akọ bá sì dàgbà, ó ń bá ará agbo rẹ̀ du ipò. Ohun tí ó jẹ́ eré nígbà tí ó wà ní kílò 50 lè pa ènìyàn nígbà tí ó bá di kílò 500. Akọ tí ó ti ń sá fún ènìyàn láti kékeré kò léwu tó èyí tí ó ń tẹ̀ lé ènìyàn kiri bí ajá.

Kí àwọn ọmọ ilé má ṣe fọwọ́ tì í ní iwájú orí mọ́ láti òní lọ. Ẹ̀yìn ọgbà ni kí ẹ ti máa fún un ní ìgò, kí ẹ so ìgò náà mọ́ igi kí ó má máa bá ọwọ́ yín wá. Gbàrà tí ó bá ti gba hóró, ẹ kó o mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí mọ́ màlúù àgbà tí yóò kọ́ ọ ní ìwà. Bí ẹ kò bá ní í fi gun abo, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nígbà tí ó ṣì kéré, ṣùgbọ́n bí Dókítà ti sọ, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ń gba ìgò lẹ́nu rẹ̀.